Ẹ Má Fi Mí Ṣe Ìyá Ẹgbẹ́

Ọjọ́ tí a sin Màmá Emùré, ẹni tó ka ìwé ìgbésí ayé rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì dúró gbọn-in lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí, ó ní ìyá jẹ́jẹ́ ni màmá, onísùúrù, tí kò bá ẹnikẹ́ni jà rí. Mo gbé orí sókè. Ìyá Bísí, ọ̀rẹ́ màmá láti ìgbà ọmọge wọn, jókòó ní ìlà tó wà níwájú mi. Òun náà gbé orí sókè. Ó yíjú sẹ́yìn, ó wò mí bí ẹni tó fẹ́ bèèrè bóyá òkú ẹlòmíràn ni wọ́n gbé wá.

Mi ò bá ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó kọ ìwé náà wí. Bí wọ́n ti ń kọ ọ́ fún gbogbo òkú nìyẹn. Ṣùgbọ́n mi ò lè jẹ́ kí wọ́n fi orúkọ ìyá tí mo mọ̀ sin ìyá tí mi ò mọ̀. Màmá mi bá ènìyàn jà. Ó bá wọn jà dáadáa, ó sì sábà máa ń jàre.

Màmá Emùré ni àwa ọmọọmọ ń pè é, kí a má baà ṣì í pè mọ́ ìyá ìyá mi tó ń gbé ní Ìlawẹ̀. Dọ́káàsì ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nígbà ìrìbọmi. Mi ò ní kọ ọdún tí wọ́n bí i, torí òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ ọ́n, kò sì ká a lára. Mi ò sì ní to gbogbo ọmọ tó bí sílẹ̀ bí ẹni ń ka orúkọ ní kíláàsì. Irú ènìyàn tó jẹ́ ni mo fẹ́ kọ.

Ó ga, ó gbẹ, ó sì yára. Bàtà òjò ọkọ rẹ̀ tó ti kú ló ń wọ̀ lọ sí oko. Bàtà náà tóbi jù fún un, nítorí náà ó máa ń ki àkísà bọ iwájú rẹ̀. Bí a bá gbọ́ gbọ̀-gbọ̀-gbọ̀ lójú ọ̀nà, a ti mọ̀ pé òun ló ń bọ̀. Kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun sọ ẹrù. Yóò bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, yóò fi ọwọ́ kan di apẹ̀rẹ̀ mú, yóò sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ bí ẹni gbé ọmọ tó ń sùn sórí ẹní. Bí o bá sáré lọ ràn án lọ́wọ́, yóò ní kí o lọ wá ẹrù tìrẹ.

Èdè Emùré ló ń sọ sí gbogbo ayé. Ó ń sọ ọ́ sí bíṣọ́ọ̀bù, ó ń sọ ọ́ sí dókítà, ó sì sọ ọ́ sí ọkùnrin Ìbàdàn kan tó wá ra kòkó títí ọkùnrin náà fi wá ògbufọ̀. Tíṣà ni bàbá mi ní Ìkẹ́rẹ́. Lọ́jọ́ kan tí àwọn àlejò rẹ̀ láti ilé ẹ̀kọ́ wà ní pálọ̀, màmá ní kí wọ́n jẹ́ kí òun lọ se uṣu fún àwọn ará ulé. Bàbá mi rẹ́rìn-ín músẹ́, ó rọra sọ ọ́ sí i létí pé, "Màmá, iṣu. Ilé." Màmá kò rọra dá a lóhùn ní tirẹ̀. Ó ní, "Kì í ṣe èso ló ń kọ́ ugi bí a ṣe ń so."

Bàbá mi gbìyànjú gan-an láti mú un kúrò ní oko. Lẹ́yìn tí bàbá àgbà kú, ó lọ gbé e wá sí Ìkẹ́rẹ́, ó fún un ní yàrá tó ní fèrèsé méjì, ó ra rédíò fún un, ó sì ní kí ó máa sinmi. Màmá sinmi fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ní ọjọ́ kẹwàá a jí, a bá bẹ́ẹ̀dì tó ti tẹ́ dáadáa, rédíò sì wà lórí rẹ̀. Ó ti wọ ọkọ̀ padà sí Emùré. Nígbà tí bàbá mi lọ bá a níbẹ̀ pé kí ni àwọn fi ṣẹ̀ ẹ́, ó ní, "Ẹ ò ṣẹ̀ mí rárá. Ulé yín dára, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ń hù níbẹ̀."

Oko kòkó ló ń pè é, kì í sì í ṣe oko tó rọrùn fún un láti ní. Nígbà tí bàbá àgbà kú, àbúrò rẹ̀, tí a ń pè ní Bàbá Kọ́lá, pe ìpàdé ẹbí. Ó ní òfin ni pé obìnrin kì í jogún oko kòkó. Obìnrin lè bá wọn ká kòkó, ó lè bá wọn fọ́ ọ, ó lè bá wọn sá a, ṣùgbọ́n ẹni tó ni ín gbọ́dọ̀ jẹ́ ọkùnrin. Ó ní kí ìyàwó àwọn fọkàn balẹ̀, àwọn ò ní jẹ́ kí ebi pa á. Ìyàwó tó ń sọ yìí ti ní ọmọọmọ mẹ́rin nígbà náà, ṣùgbọ́n ìyàwó ni Bàbá Kọ́lá ń pè é, ìyàwó ló sì pè é títí ó fi kú.

Ọkọ mi ni màmá náà ń pè é, gẹ́gẹ́ bí ó ti yẹ kí a máa pe àbúrò ọkọ. Kò fi ìgbà kan yájú sí i nípa ti ọ̀rọ̀ orúkọ. Ó kúnlẹ̀ kí gbogbo wọn ní ìpàdé náà, ó dìde, ó sì ní, "Ọkọ mi, láti etí odò títí dé ibi òkúta ńlá, bàbá ló gbẹ́ ihò, èmi ni mo gbin kòkó sí i. Oyún tíṣà wà nínú mi nígbà náà. Ẹ lọ bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó ń gba ọ̀nà yẹn kọjá." Kò sí ẹni tó lọ bèèrè, torí gbogbo wọn ló mọ̀. Wọ́n fi apá ìsàlẹ̀ oko sílẹ̀ fún un, lẹ́bàá odò. Bàbá Kọ́lá mú apá òkè, tó gbẹ, tó ń rí oòrùn. Apá ìsàlẹ̀ jẹ́ ibi tí ilẹ̀ ti ń tutù, tí omi òjò láti òkè ń ṣàn kọjá, tí kòkó sì ti máa ń dúdú lórí igi kó tó pọ́n. Wọ́n rò pé yóò kọ̀ ọ́. Màmá dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó lọ sí ibẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì pẹ̀lú àdá. Ó sọ fún Ìyá Bísí pé, "Wọ́n fún mi ní èyí tí wọn kò fẹ́. Èmi fẹ́ ẹ."

Kò tíì pẹ́ nígbà náà tí wọ́n gé Èkìtì kúrò lára Oǹdó. Gbogbo ẹnu ló ń sọ pé a ti ní ìpínlẹ̀ tiwa, gbogbo ọmọ tó bá ti jáde ní ìwé ló sì ń gba Adó lọ láti wá iṣẹ́ ìjọba. Ẹni tó bá di àdá mú dà bí ẹni tí ọkọ̀ gbàgbé sẹ́yìn. Àwọn igi kòkó ti darúgbó, àfòmọ́ ti bo orí wọn, àwọn tó ń tọ́jú wọn náà sì ti ń darúgbó. Nínú ipò yìí ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan dé láti ilé iṣẹ́ ọ̀gbìn, lórí alùpùpù, pẹ̀lú àpò ìwé lọ́rùn. Fẹ́mi ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Ìjàn, ṣùgbọ́n Ọ̀gbẹ́ni Àgíríìkì ni gbogbo Emùré ń pè é. Ó ní ìjọba fẹ́ kí àwọn àgbẹ̀ oníkòkó kó ara wọn jọ sí ẹgbẹ́. Bí wọ́n bá ti ní ẹgbẹ́, òun yóò máa wá kọ́ wọn ní oko, wọn yóò sì rí pọ́ǹpù ìfínkòkó gbà tí gbogbo wọn yóò jọ máa lò.

Wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì fi Bàbá Kọ́lá ṣe alága. Ìpàdé àkọ́kọ́ wáyé nínú kíláàsì kan ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọkùnrin jókòó lórí bẹ́ńṣì. Àwọn obìnrin dúró síta lẹ́bàá fèrèsé pẹ̀lú oúnjẹ tí wọ́n sè fún àlejò. Màmá gbé abọ́ rẹ̀ wọlé, ó gbé e sórí tábìlì, ó sì jókòó sórí bẹ́ńṣì iwájú pẹ̀lú bàtà òjò rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Fẹ́mi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á díẹ̀, òyìnbó sì ń jáde lẹ́nu rẹ̀ bí omi. Àwọn ọkùnrin ń mi orí. Màmá na ọwọ́ sókè, ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni, gbogbo àwọn tó ń mi orí yìí, kò yé wọn. Ojú ló ń tì wọ́n. Ṣé o gbọ́ Èkìtì?"

Ó ní, "Mo gbọ́ ọ, Màmá. Ìjàn ni wọ́n ti bí mi."

Màmá ní, "Ó dáa. Fi sọ ọ́ fún wa. Kòkó kò gbọ́ òyìnbó."

Láti ọjọ́ náà lọ, Èkìtì ni ọmọ náà fi kọ́ wọn. Mo ń ṣe ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́ nígbà náà, Emùré ni mo sì ti ń lo gbogbo ìsinmi mi. Mo máa ń bá màmá lọ síbẹ̀. Nínú oko gan-an ló ti ń kọ́ wọn. Yóò já kòkó tó dúdú, yóò là á sí méjì, yóò ní kí gbogbo ènìyàn gbóòórùn rẹ̀. Ó kọ́ wọn pé kòkó tó ti dúdú kò gbọdọ̀ dúró lórí igi, torí bí òjò bá ti pa á, omi tó ta láti ara rẹ̀ yóò kó àrùn lọ bá àwọn tó wà nísàlẹ̀. Ó ní kí wọ́n já wọn dànù, kí wọ́n gbẹ́ ihò sin wọ́n, kí wọ́n tó fín oògùn. Bí wọ́n bá ń fín in, kí wọ́n di imú, kí wọ́n sì jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wà lẹ́yìn wọn. Màmá kò mọ̀wé kọ. Orí ló fi ń kó ẹ̀kọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ yóò ní kí n jókòó, yóò kọ́ mi ní ohun tí wọ́n kọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ èmi náà ti wà níbẹ̀. Bí mo bá ní mo ti gbọ́ ọ, yóò ní, "O gbọ́ ọ. Mi ò tíì mọ̀ bóyá o mọ̀ ọ́n."

Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń kọ orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọn kò kọ tirẹ̀. Akọ̀wé ní ọkùnrin kan láti ilé kọ̀ọ̀kan ni àwọn ń kọ, orúkọ Bàbá Kọ́lá sì ti wà níbẹ̀ fún ilé wọn. Màmá àti àwọn obìnrin mẹ́jọ mìíràn, tí opó pọ̀ nínú wọn, ń lọ sí gbogbo ẹ̀kọ́ láìsí orúkọ wọn nínú ìwé. Ìyá Bísí wà lára wọn. Ọ̀gbẹ́ni Fẹ́mi sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Bàbá Kọ́lá ní kí ó máa kọ́ wọn ní kòkó, kí ó fi òfin ilé sílẹ̀ fún onílé.

Pọ́ǹpù náà dé. Ọ̀kan ṣoṣo ni, pẹ̀lú oògùn rẹ̀ nínú páálí, yàrá alága ni wọ́n sì kó wọn sí. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, òjò rọ̀ ní àrọ̀ìdá. Kòkó bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú láti òkè oko wá sí ìsàlẹ̀. Ní àkókò yẹn gan-an ni ẹsẹ̀ Bàbá Kọ́lá wú. Kò lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé pọ́ǹpù kúrò nílé. Ó ní ẹni tó bá gbé e yóò bà á jẹ́, òun fúnra òun ni yóò bẹ̀rẹ̀ ìfín lọ́dún náà. Àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ lọ bẹ̀ ẹ́, wọ́n padà. Ọ̀gbẹ́ni Fẹ́mi ti lọ sí Ìrò àti àwọn ìlú mìíràn tó wà ní abẹ́ rẹ̀, kò sì ní padà sí Emùré kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé. Lójoojúmọ́, bí a bá dé oko, a ó rí i pé dúdú ti sọ̀ kalẹ̀ sí i. Ó ti dé ààlà, ó ti wọ ti màmá.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí oòrùn ràn, màmá ní kí n wọ bàtà. Èmi, òun àti Ìyá Bísí lọ sí ilé Bàbá Kọ́lá. Màmá kúnlẹ̀ kí i. Ó bèèrè ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó ní, "Ọkọ mi, pọ́ǹpù ẹgbẹ́ ni mo wá gbà."

Bàbá Kọ́lá ní, "Ìyàwó, nígbà tí ẹsẹ̀ mi bá san, a ó fín in."

"Kòkó kò ní dúró de ẹsẹ̀ yín."

"Òfin wà. Ọmọ ẹgbẹ́ nìkan ló lè gbé e. Ìwọ kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́."

Màmá ní, "Òótọ́ ni ẹ sọ. Òfin yẹn kò dè mí." Ó rìn lọ sí igun yàrá, ó gbé pọ́ǹpù náà kọ́ ẹ̀yìn, ó fa okùn rẹ̀ le. Ó ní kí n gbé páálí oògùn.

Bàbá Kọ́lá nàka sí i. Ó ní, "Olè ni ọ́. N ó pariwo olè."

Màmá ti dé ẹnu ọ̀nà. Ó yíjú padà, ó ní, "Ẹ pè wọ́n. Ẹ sọ fún wọn pé mo wà ní oko. Olè kan kì í sọ ibi tó ń lọ."

Àwọn obìnrin yòókù ti ń dúró dè wá lẹ́bàá odò. Mo rò pé ibẹ̀ la ó ti bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni oko màmá bẹ̀rẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n màmá kò dúró. Ó gba àárín igi rẹ̀ kọjá, ó ń gòkè lọ.

Ìyá Bísí pè é. "Dọ́káàsì, oko rẹ nìyí."

Ó ní, "Mo mọ̀ ọ́n. Ibi tí àrùn ti ń ṣàn wá ni mo ń lọ."

Oko Bàbá Kọ́lá la ti bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tó ti wọ ibẹ̀ fún bí oṣù kan, koríko ti ga dé orúnkún. Kòkó dúdú rọ̀ sórí igi bí àdán. Àwọn obìnrin mẹ́jọ yẹn ń já wọn, wọ́n ń kó wọn jọ, wọ́n ń gbẹ́ ihò. Èmi ni mò ń pọn omi láti odò gòkè wá fún pípo oògùn. Màmá di ìdajì gèlè mọ́ imú, ó ń wo ibi tí ewé ń fì sí kó lè mọ ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà, ó sì ń fín igi kan tẹ̀lé òmíràn láti ìsàlẹ̀ ìdí rẹ̀ dé ibi tí pọ́ǹpù lè dé. Bí kòkó bá wà nísàlẹ̀, yóò kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀ kí oògùn lè kàn án dáadáa. Inú bí ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà, ó ní kí ló dé tí àwọn ń fi agbára àwọn tọ́jú oko ẹni tó ń pe àwọn ní olè. Màmá kò dúró. Ó ní, "Kì í ṣe nítorí tirẹ̀. Àrùn kò mọ ẹni tó ni ààlà."

Ní ọ̀sán, ọkùnrin méjì láti inú ẹgbẹ́ dé. Bàbá Kọ́lá ló rán wọn láti wá gba pọ́ǹpù. Wọ́n bá wa lórí oko ẹni tó rán wọn níṣẹ́, a ń sin kòkó dúdú rẹ̀. Wọ́n dúró wò wá fún ìgbà díẹ̀. Ọ̀kan kí wa pé a kú iṣẹ́. Wọ́n padà lọ láìgba ohunkóhun. Ọjọ́ mẹ́ta la fi ṣe ti òkè. Ọjọ́ méjì la fi ṣe ti màmá. Lẹ́yìn náà a kọjá sí ti àwọn obìnrin yòókù. Ẹ̀yìn màmá bó níbi tí okùn pọ́ǹpù ti ń ha á. Mo fi òróró pa á fún un, mo sì ní kí ó jẹ́ kí ẹlòmíràn gbé e. Ó ní, "Nígbà tí mo gbé bàbá rẹ pọ̀n, kò fúyẹ́ jù báyìí lọ."

Nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Fẹ́mi dé, wọ́n ti pe ìpàdé. Igbákejì alága ló darí rẹ̀. Kíláàsì kún, àwọn ènìyàn sì dúró sójú fèrèsé. Igbákejì ka ẹ̀sùn rẹ̀: màmá gbé ohun ìní ẹgbẹ́ láìgba àṣẹ, kì í sì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́. Ó ní nítorí pé àgbàlagbà ni, àwọn ò ní fa ọ̀rọ̀ gùn. Kí ó kúnlẹ̀, kí ó bẹ ẹgbẹ́, kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Màmá wà lórí ìdúró. Ó wò wọ́n yíká. Obìnrin yìí, tí kì í rí àgbà ọkọ lójú títì kó má kúnlẹ̀, ní, "Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi wà lórí orúnkún nídìí kòkó alága yín. Ìkúnlẹ̀ tó kù, ọ̀dọ̀ Ọlọ́run ni mo ń gbé e lọ."

Ariwo sọ. Àwọn kan ní ìwà ìgbéraga ni. Ọ̀gbẹ́ni Fẹ́mi dìde pé kí wọ́n jẹ́ kí òun sọ̀rọ̀, wọn kò gbọ́ ọ. Nígbà náà ni a rí i tí wọ́n ń ya ọ̀nà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Bàbá Kọ́lá ló ń bọ̀, ó fi ọ̀pá ti ara rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wà nínú aṣọ tí wọ́n fi dì í. Ẹrẹ̀ oko wà lára ọ̀pá náà. Kò wo ẹnikẹ́ni àfi màmá.

Ó ní, "Ìyàwó, oko mi ni mo ti ń bọ̀. Kí ló dé tí o fi bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ mi?"

Màmá ní, "Ọkọ mi, òkè ni tiyín wà. Òjò kì í ṣàn gòkè."

Bàbá náà jókòó sórí bẹ́ńṣì. Kò dúpẹ́, kò sì bú u. Igbákejì rò pé òun rí ọ̀nà àbáyọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ó hàn gbangba pé màmá fẹ́ràn ẹgbẹ́, òun dá a lábàá pé kí àwọn fi í jẹ Ìyá Ẹgbẹ́. Àwọn yóò máa ṣe ojú ibi tí ó jókòó sí lọ́ṣọ̀ọ́, yóò máa gbàdúrà fún wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ ìpàdé, àwọn yóò sì máa bọ̀wọ̀ fún un. Àwọn ọkùnrin pàtẹ́wọ́. Ó dùn mọ́ èmi náà, kí n má purọ́. Mo rò pé ó ti ṣẹ́gun nìyẹn.

Màmá ní, "Ẹ má fi mí ṣe ìyá ẹgbẹ́. Mo ti bí ọmọ tèmi tó. Ọmọ ẹgbẹ́ ni mo fẹ́ jẹ́. Ìyá ẹgbẹ́ yóò gbàdúrà, ẹ ó ṣe àmín, ẹ ó sì pín oògùn lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ ẹgbẹ́ ni wọ́n ń bi pé kí lo rí sí i."

Ọ̀gbẹ́ni Fẹ́mi mú ìwé kan jáde nínú àpò rẹ̀. Ó ní ìwé ìlànà tí wọ́n fún òun ní Adó nìyí, ohun tó sì wà níbẹ̀ ni "ẹnikẹ́ni tó bá ní oko kòkó." Ó ní òun ti kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, òun ò rí ọkùnrin nínú rẹ̀. Akọ̀wé wo igbákejì. Igbákejì wo Bàbá Kọ́lá.

Bàbá Kọ́lá ń na ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń dùn ún. Láìgbé ojú sókè, ó ní, "Kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kí òfin wa lè rí ẹni mú."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, àní àwọn tó ń bínú. Akọ̀wé ṣí ìwé. Ó fẹ́ kọ "Ìyàwó olóògbé," màmá dá a dúró. Ó ní, "Dọ́káàsì ni kí o kọ. Olóògbé kò lọ sí oko lọ́sẹ̀ tó kọjá." Nígbà tó kọ ọ́ tán, tó ń dé bírò, màmá na ìka sí àwọn tó dúró lójú fèrèsé. Ó ní, "Má tíì dé e. Ó ku mẹ́jọ."

Kì í ṣe pé gbogbo nǹkan dára lẹ́yìn ìyẹn. Ó di ọdún kejì kí wọ́n tó gbà kí pọ́ǹpù máa lọ láti ilé dé ilé. Bàbá Kọ́lá àti màmá kò di ọ̀rẹ́. Wọ́n bá ara wọn jà lórí ààlà, lórí ewúrẹ́, lórí ìgbà tó yẹ kí a ká kòkó. Ṣùgbọ́n ní ọdún yẹn a ká kòkó tó mọ́, lókè àti nísàlẹ̀, a dì í sínú ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún ọjọ́ tó pé gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti kọ́ wa, a sì sá a títí tó fi ń dún lọ́wọ́. Àwọn obìnrin láti Ìṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá bèèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ọ̀gbẹ́ni Fẹ́mi gbé màmá sẹ́yìn alùpùpù lọ bá àwọn ará Ìrò sọ̀rọ̀, màmá di í mú lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì ń bá a wí ní gbogbo ojú ọ̀nà pé ó ń sáré jù. Nígbà tí wọ́n bi í níbẹ̀ pé kí ni ipò rẹ̀ nínú ẹgbẹ́, ó ní, "Ọmọ ẹgbẹ́. Kò sí ipò tó jù ú lọ."

Ní ọdún tó gbẹ̀yìn ayé rẹ̀ ó tún gbin kòkó. Ọmọ ọgọ́rin ọdún lé ni gbogbo wa rò pé ó jẹ́. Ó gé àwọn igi àgbà tí kò so mọ́ lẹ́bàá odò, ó sì fi irúgbìn tuntun rọ́pò wọn. Àwọn ènìyàn ń bi í pé ta ni yóò ká a. Ó ní kí wọ́n fi òun sílẹ̀, òun ò bi Ọlọ́run ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ nígbà tó ń dá àwọn.

Ìgbà ẹ̀rùn ni àìsàn mú un mọ́lẹ̀. Mo wá láti Àkúrẹ́, níbi tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ tíṣà, mo bá a nínú yàrá rẹ̀. Ó ti rù, ọwọ́ rẹ̀ kò wúwo ju ewé gbígbẹ lọ. Mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Mo rò pé ó ń sùn.

Ó ní, "Kí ni ùwọ ń ṣe níbẹ̀ yẹn?"

Mo ní kò sí nǹkan, Màmá.

Ó ní, "Òjò ò tíì rọ̀ láti oṣù méjì. Bí omi bá pọ̀ lára rẹ, àwọn kòkó kéékèèké yẹn wà ní oko."

Mo nu ojú. Mo gbé garawa méjì, mo lọ. Ilẹ̀ ti sán, ewé àwọn irúgbìn náà ti ń rọ. Odò ti fà, mo ní láti sọ̀ kalẹ̀ dé àárín rẹ̀ kí n tó lè bu omi. Mo ń bu, mo ń gòkè, mo ń dà á sídìí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan títí apá mi fi ń gbọ̀n. Nígbà tí oòrùn gun orí mi gan-an, mo padà sílé. Ó ṣì la ojú sílẹ̀, ó ń retí mi.

Ó ní, "Ó tán?"

Mo ní, "Ó ku mẹ́fà, Màmá. Ó ti rẹ̀ mí."

Ó yí ojú sí ògiri, ó fa aṣọ bo èjìká. Ó ní, "Padà lọ."

Mo gbé garawa mi, mo sì padà lọ.